Wíwú kọ́ ló yẹ ká máa ṣọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan nínú yín dábàá “ìtọpinpin ara wíwú” gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára ṣe ń yẹ omi ara rẹ̀ wò nílé. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Nílé wa l'Óṣogbo níbí, àràárọ̀ ni ìyá mi ń gun òṣùwọ̀n: bí wọ́n bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu, aṣọ oorun kan náà lọ́rùn. Orí sìmẹ́ńtì la ń gbé e sí. Bó bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló máa pa. Ara kàlẹ́ńdà ni mò ń kọ iye rẹ̀ sí. Lọ́sẹ̀ kan, kílò 64 ni lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, ó ti di 66 àti ààbọ̀. Mo ní ká lọ rí dókítà. Wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi: “Ara mi ò kúkú wú.” Lóòótọ́, kò wú. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n fi gbé orí ga kí wọ́n tó rí èémí mí.

Ọ̀rọ̀ yẹn, “wíwú,” ló tàn wọ́n jẹ. Lítà omi kan, kílò kan ni, omi sì lè ti pọ̀ lára kí ọrùn ẹsẹ̀ tó fi hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún aláìsàn pé bí ó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó pe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní ká pe omi tó pọ̀ lára yìí ní “ìdágún omi.” Ó dùn létí, àmọ́ adágún kì í kúrò lójú kan. Omi yìí ń rìn: ẹsẹ̀ ló ń wà lọ́sàn-án, béèyàn bá dùbúlẹ̀ lóru, á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. “Omi dúró sí i lára” ni wọ́n ń sọ ní Ọjà Ọba, ó tó mi.

“Ìtọpinpin” náà ńkọ́? Ọlọ́pàá ló ń tọpinpin, lẹ́yìn tí olè ti jà tán. Ọdẹ àdúgbò ń ṣọ́lé kí olè tó dé. “Ìṣọ́ omi ara” ni tèmi.

Orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀, “ìkùnà ọkàn,” kò dára tó. Ọkàn ṣì ń ṣiṣẹ́. Agbára tó fi ń tari ẹ̀jẹ̀ ni kò tó mọ́, tí kíndìnrín fi ń di iyọ̀ àti omi mú. “Àìlágbára ọkàn” sàn jù.

Ní ti ìyá mi, bí wọ́n bá ti gun òṣùwọ̀n báyìí, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, “Omi mi ńkọ́ lónìí?”