Iná ajá ti gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ gbà mí o

Ọ̀kún o ẹ̀yin èèyàn mi. Kàbà ni mo wà, a ní ajá kan àti ológbò kan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná ajá ti ń dà wá láàmú, kì í ṣe eégbọn o, àwọn dúdú kíńkín tó máa ń fò yẹn. Ọmọ mi ò sùn mọ́, nǹkan pupa pupa ti sú sí i lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo ti fọ ajá, mo sá ẹní sóòrùn, mo fín òògùn ẹ̀fọn sí gbogbo kọ̀rọ̀, ọjọ́ kẹrin wọ́n tún jáde, àfi bíi pé ẹyin wọn ló ń pa nínú rọ́ọ̀gì. Òògùn apakòkòrò tí mo rí lọ́jà, permethrin ni wọ́n kọ sí i lára, ti ajá ni, ó sì lè pa ológbò, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà làwọn méjèèjì ń sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lò tó ṣiṣẹ́?