Fíúsì rédíò Golf 3 mi ń jó ṣáá, rìwáyà wá fi 30 síbẹ̀. Ṣé kò séwu?

GolfMẹ́ta_Ìbàdàn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Golf 3 ni mò ń wà, ti 1996, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì dáa, kì í dà mí láàmú. Rédíò tó bá a wá ló ti kú tipẹ́, mo wá lọ ra òmíràn lóṣù tó kọjá, èyí tó ń gba bluetooth àti USB, rìwáyà àdúgbò wa ló bá mi so ó. Ọjọ́ tó so ó gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti pa mọ́tò tí mo yọ kọ́kọ́rọ́ báyìí, gbogbo ìkànnì tí mo ti tò sínú ẹ̀ á pa rẹ́, aago á padà sí òdo. Mo padà lọ bá a, ó ní kékeré nìyẹn, ó ká wáyà pupa mọ́ wáyà yẹ́lò, ó fi téèpù wé méjèèjì pọ̀ sójú kan. Lóòótọ́ kò gbàgbé nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n kò tún tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́ mọ́, èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ rántí pa á. Mo gbàgbé ní alẹ́ Sátidé kan, láàárọ̀ tí a fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì bátìrì ti kú pátápátá, àwọn ọmọ àdúgbò ló bá mi ti mọ́tò.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù ni ti fíúsì. Búlúù 15 ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, ìyẹn 15A (ampere, bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó). Láti ìgbà tó ti wé wáyà pọ̀ yẹn, tí táyà bá ti já sí kòtò, pàá, rédíò kú, fíúsì ti jó. Mo ti pààrọ̀ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Rìwáyà wá yọ ọ́, ó fi aláwọ̀ ewé 30 síbẹ̀, ó ní "èyí ò lè jó mọ́ láéláé." Òótọ́ ni, kò jó. Àmọ́ lánàá mò ń gbóòórùn kan láti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí ike bá sún mọ́ àdògán. Ṣé kí n máa wà á lọ bẹ́ẹ̀ ni?

ỌmọAlábà:

Bro, fọkàn balẹ̀ jàre. Kí ló kàn ẹ́ kan fíúsì? Mú sílífà inú páálí sìgá, wé e mọ́ fíúsì tó ti jó yẹn, kí o tì í padà sójú ẹ̀. Èmi ti ń lò ó láti 2019, mọ́tò mi ò tíì jóná.

Rìwáyà_Àgbà:

Ọmọ Alábà, má fi ẹnu ẹ sun mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ.

Ìwọ onígolf, dìde lọ yọ fíúsì 30 yẹn kí o tó ka ìyókù ohun tí mò ń kọ yìí. Kí rédíò má fọhùn ná. Kò pa ẹnikẹ́ni.

Ó dáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ ni pé kì í ṣe rédíò ni fíúsì tó wà nínú ilé fíúsì ń ṣọ́. Wáyà ló ń ṣọ́. Rédíò ní fíúsì tiẹ̀ lẹ́yìn, yí i padà wàá rí i, 10 tàbí 15 ló sábà máa ń jẹ́. Wáyà tó wá láti ilé fíúsì dé ẹ̀yìn rédíò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni tó ṣe mọ́tò ti wò ó kó tó yan iye fíúsì tó máa wà níwájú ẹ̀. Tí wáyà yẹn bá kan irin gbáà, 30 náà á jó, kò ní pẹ́. Èyí tó burú ni kó máa kàn án fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó kàn, kó fi sílẹ̀, kó tún kàn, kó máa fa bíi 20 tàbí 25. 15 ò ní gbà á, á já. 30 á dúró máa wò ó ni, wáyà á máa gbóná, ike ara ẹ̀ á yọ́, á lẹ̀ mọ́ àwọn wáyà tí wọ́n jọ wà. Òórùn tí o gbọ́ nìyẹn. Ti onísílífà yẹn tún wá burú ju 30 lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ iye tó máa gbà kó tó já.

Fíúsì tó ń jó ní kòtò ń bá ẹ sọ̀rọ̀: wáyà kan ń mì, ó ń kan bọ́dì. O sọ ọ́ fúnra ẹ pé ìgbà tó wé pupa mọ́ yẹ́lò ló bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni mo fura sí. Téèpù dúdú ò lágbára tóyẹn nínú oòrùn wa, góòmù ẹ̀ máa ń yọ́, á máa yọ̀ kúrò lójú wáyà díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ káàjì irin tí rédíò jókòó sí mú létí bí abẹ.

Bí wàá ṣe wá a: gba búlúùbù bíréèkì, 21W, so wáyà méjì mọ́ ọn, ti orí wọn méjèèjì sí ojú ibi tí o ti yọ fíúsì. Búlúùbù yẹn ò lè gba ju bíi 1.75A kọjá, kò sí wáyà tó máa sun. Pa rédíò. Tí búlúùbù ò bá tàn, kò tíì kàn nìyẹn. Tó bá tàn yòò bí ẹni tẹ bíréèkì, wáyà ń kan bọ́dì lọ́wọ́lọ́wọ́. Wá máa fa wáyà, máa mì í, máa ti rédíò wọlé kí o tún fà á jáde, ibi tí ọwọ́ ẹ bá wà nígbà tí iná bá ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni. Búlúùbù kan ṣoṣo, o ò ní jó fíúsì mẹ́rin.

Tí o bá ti rí i, tí o fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, yọ orí bátìrì ná. Nẹ́gátíìfù ni kí o kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí o dá padà kẹ́yìn. Gbogbo bọ́dì mọ́tò nẹ́gátíìfù ni, tí sípánà bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹ lórí pọ́sítíìfù tó kan irin, iná á ṣẹ́ lójú ẹ.

Ti gbígbàgbé yẹn ńkọ́. Mi ò ní bú rìwáyà yín, Volkswagen ni kò mọ̀. Nínú pílọ́ọ̀gì ISO tó máa ń wà lẹ́yìn rédíò, ojú 4 ló yẹ kó jẹ́ iná bátìrì tí kì í kú, ojú 7 ni iná tó ń tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́. Volkswagen máa ń pa méjèèjì dà. Yẹ́lò rédíò ẹ, tó yẹ kó máa rántí nǹkan, ti wá ń gba iná kọ́kọ́rọ́, pupa ń gba iná bátìrì. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ò ju kó fi ọ̀kan sípò èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú háńẹ́ẹ̀sì, àkójọ wáyà tí wọ́n fi ń so rédíò mọ́ pílọ́ọ̀gì mọ́tò, tí wọ́n ń tà ló ní ojú méjì tó ṣeé fà yọ kí o tì wọ́n bọ ara wọn ní ìdàkejì, láìgé wáyà kankan. Ó wá lọ wé wọn pọ̀.

Mummy_Camry:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ra búfà àti amplifáyà, ó fẹ́ fi sí bùútù Camry mi. Wọ́n kọ 1000W gàdàgbà sára páálí ẹ̀. Ó ní òun máa fa iná ẹ̀ láti ara wáyà rédíò, pé kò sóhun tó máa ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé kí n gbà fún un?

Onísáúńdì_Ẹ̀gbá:

Mummy, ẹ má gbà fún un o, ẹ jẹ́ n gba èyí lọ́wọ́ bàbá torí iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn.

Ẹ gbàgbé 1000 tó wà lára páálí. Ẹ ní kó yí amplifáyà yẹn padà kó wo fíúsì tó wà lára ẹ̀. Ká ní 20 méjì ló wà níbẹ̀, 40A nìyẹn. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, iná bátìrì á wà ní bíi 13.8V. Ẹ fi 40 ṣe ìlọ́po ẹ̀, 552W ni, gbogbo iná tó lè wọlé nìyẹn, ooru ló sì máa jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó di ohùn. Níbo ni 1000 ti fẹ́ wá? Síbẹ̀ náà, 40A yẹn tó láti sun wáyà rédíò di eérú.

Wáyà tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wá tààrà láti bátìrì, kó nípọn, kí fíúsì wà lójú ọ̀nà ẹ̀ nítòsí bátìrì, kó má ju bíi 45cm lọ sí orí bátìrì. Èyí tí mo fẹ́ kó gbọ́ dáadáa nìyẹn torí mo ti jìyà ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo so amplifáyà sí mọ́tò ara mi, mo ní ṣebí fíúsì wà lára amplifáyà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kí ni mo tún fẹ́ fi òmíràn ṣe níwájú. Mo lu ihò sí irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnì àti inú mọ́tò, mo ki wáyà gba ibẹ̀ láìfi rọ́bà róbótó yẹn sójú ihò. Bíi oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ihò irin yẹn ti fi díẹ̀díẹ̀ rẹ́ ike wáyà títí ó fi kan kọ́pà. Fíúsì tó wà ní bùútù kò mọ nǹkankan, kò sí lójú ọ̀nà iná rárá, iná ń ti bátìrì wá, ó ń wọ bọ́dì lọ, ó dópin síbẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí sípánà wà lórí ìjókòó. Nígbà tí mo fi yọ orí bátìrì tán, kápẹ́ẹ̀tì ti lu.

Ẹ ní kó fi abẹ ha wáyà tó bá rà. Tó bá funfun nínú, alúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni, kì í gbé iná tó kọ́pà gidi, kó ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Ti nẹ́gátíìfù náà, kó ha ọ̀dà kúrò lára irin bùútù kó tó dè é, kó sì nípọn bíi ti pọ́sítíìfù. Wọ́n máa ń fi okùn bàtà ṣe ti nẹ́gátíìfù, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Mummy_Camry:

Ẹ ṣeun gan-an, bùọ̀dá. Mo ti fi hàn án. Ó ní "Mummy, ta lẹ tún lọ bi?"

GolfMẹ́ta_Ìbàdàn:

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ti yọ 30 láti alẹ́ tí ẹ ti kọ ọ́, lónìí ni mo ráyè ṣe ti búlúùbù.

Àbúrò mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Tí mo bá fa rédíò jáde, búlúùbù kú. Mo ń tì í wọlé, kò sí nǹkankan, ó wá ku bí ìka méjì kó jókòó, ló bá tàn yòò! Mo fà á, ó kú. Mo tì í, ó tàn. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín o. Mo yọ orí bátìrì bí ẹ ṣe wí, mo wá fà á síta pátá. Téèpù yẹn ti yọ̀ sẹ́yìn bí ìbọ̀sẹ̀ tí rọ́bà ẹ̀ ti kú, kọ́pà ìhòòhò ló wà lójú ibi tó wé, etí káàjì níbi tó ti ń kàn án ń dán bí kọ́bọ̀ tuntun. Wáyà yẹ́lò ti yọ́ mọ́ wáyà eérú kan, mo fi ọwọ́ ya wọ́n. Mo ti fi wáyà tuntun rọ́pò ibi tó yọ́, mo fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́, mo fi rọ́bà tó ń fún mọ́ ọn bò ó, mo wá pa pupa àti yẹ́lò dà. Kò gbàgbé nǹkan mọ́, tí mo bá yọ kọ́kọ́rọ́ òun náà ń kú. Fíúsì 15 ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ já sí gbogbo kòtò àdúgbò wa.

Nǹkan kan ló kù, sípíkà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ò fọhùn mọ́.

Rìwáyà_Àgbà:

O káre, ọmọ mi. Wáyà eérú tí o ní o ya yẹn, ti sípíkà iwájú ọ̀tún ni: funfun ni ti òsì, eérú ni ti ọ̀tún, ewé àti pọ́pù ni ti ẹ̀yìn. Lọ wò ó bóyá ó já nígbà tí o yà á, tàbí ó ti bó tó ń kan irin. Wáyà méjèèjì tó ń lọ sí sípíkà, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kan bọ́dì nínú rédíò ìsinsìnyí, àti eérú àti eérú onílà dúdú.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lára ìjàpá, Volkswagen Beetle àtijọ́, la máa ń ṣe àṣìṣe yìí jù. Ìjàpá ìgbà yẹn, fíúsì ẹ̀ dà bí ọta ìbọn kékeré, funfun 8, pupa 16. Sípíkà kan ṣoṣo ló sábà ní, ẹsẹ̀ kan ẹ̀ lè wà ní bọ́dì, kò sí wàhálà. Mo ti fi àṣà yẹn pa rédíò tuntun méjì fún oníbàárà kí n tó gbọ́n. Mo san owó ẹ̀.

GolfMẹ́ta_Ìbàdàn:

Ó já ni, bàbá! Ó fi irun bíi méjì péré kọ́. Ó ti ń fọhùn.

ỌmọAlábà:

Ẹ gbà mí o. Mo lọ yọ sílífà yẹn nísinsìnyí kí n kàn wò ó lásán, ike ilé fíúsì ti pọ́n níbẹ̀ bí ẹ̀bá tó jóná. Níbo ni wọ́n ti ń ta 15 ní aago mẹ́wàá alẹ́?

GolfMẹ́ta_Ìbàdàn:

Kò sí o, dúró dọ̀la. Kí rédíò má fọhùn ná 😂