Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àbúrò mi fẹ́ máa ya storyboard, Kétu la wà

Ọmọ Ìdèna (Kétu)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún 19 ni, ó gba BAC (ìwé ẹ̀rí ìparí girama) lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ló ti ń ya orí sára pátákó fún àwọn onídìrí. Ó mọ̀ ọ́n yà, kì í ṣe torí pé ọmọ ìyá mi ni. Onídìrí kan ti Pobè wá torí pátákó kan ṣoṣo.

Ní báyìí ó ní iṣẹ́ kàtúùnù lòun fẹ́ ṣe, pé òun fẹ́ máa ya storyboard, kí òun sì máa ya àwòrán sínú ìwé. Bàbá wa ní kó lọ kọ́ comptabilité, iṣẹ́ ìṣirò owó. Mo ti tọ́jú 150 000 sẹ́fà fún un. Ṣé kí n fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì ni, àbí kí n fi wá ilé ẹ̀kọ́ ní Kùtọnu? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àlàbá Aláwòrán (Àjàṣẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí ẹ̀. Kí àbúrò yín kọ́kọ́ mọ ohun tó ń tọrọ. Ẹni tó ń ya storyboard kọ́ ló ń mú àwòrán rìn. Wọ́n á gbé ìwé eré fún un: Táyé wọ ọjà, ó jí àkàrà, alákàrà rí i. Òun ló máa pinnu ibi tí kámẹ́rà á dúró sí, ẹni tí a máa kọ́kọ́ rí, ìgbà tí a máa rí ọwọ́ tó ń wọ inú igbá. Á ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kéékèèké. Olùdarí á wò ó, á ní kó tún un yà. Á tún un yà. Tó bá ti gún, wọ́n á to àwọn àpótí náà tẹ̀léra pẹ̀lú ohùn kí wọ́n lè mọ bí ìran náà ṣe máa pẹ́ tó, ìyẹn là ń pè ní animatique. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan àwọn tó ń mú un rìn. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú sinimá, àwòrán 24 ni. Ẹ wo owó tó máa ṣòfò tí wọ́n bá ti ya gbogbo ẹ̀ tán kí wọ́n tó rí i pé ìran ò dùn. Wọ́n ń sanwó fún wa kí àṣìṣe lè wáyé lórí bébà, níbi tí rọ́bà ti lè pa á rẹ́.

Torí náà, ẹ má sáré ra tábúlẹ́ẹ̀tì olójú, èyí tí àwòrán ń hàn lójú ẹ̀ bíi ti fóònù. Pẹ́ńsù, ìwé, rúlà, oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ra kékeré tí kò lójú, tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà. Huion àti XP-Pen ń ṣe é, kò ní jẹ tó ìdajì owó yẹn. Ti ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń yàwòrán, ọ̀fẹ́ ni Krita, ọ̀fẹ́ ni Blender, Grease Pencil, irinṣẹ́ ìyàwòrán tó wà nínú Blender, sì dára fún storyboard gan-an. Storyboard Pro táwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, owó ni wọ́n ń san lé e, ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá dé.

Bàbá Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)
Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun kan. Ta ló máa sanwó? Mo wà lẹ́yìn bàbá yín díẹ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, mo mọ ẹni tó ń wá kajú rà. Mi ò tíì rí ẹni tó ń wá kàtúùnù.

Àlàbá Aláwòrán
Ẹ ò parọ́ bàbá. Kò sí ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ tiwa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Kétu wà, ẹ ò tíì rìn jìnnà tẹ́ ẹ fi máa dé Ìmẹ̀kọ. Eré Ìwájú tó jáde lórí Disney+ ní 2024, ìlú Èkó ni ìtàn ẹ̀ dá lé, ilé iṣẹ́ Kugali tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan dá sílẹ̀ ló bá Disney ṣe é. Ọmọ tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ Yorùbá, tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kún un, ó ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ ò ní. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ tó jọjú, ará Èkó kan ló gbé e fún mi, torí mo lè bá a sọ Yorùbá lórí fóònù kí n sì kọ àlàyé ní Faransé sábẹ́ àpótí fáwọn ará Paris tí wọ́n jọ ń ṣe é.

Kó tó dìgbà yẹn, ìwé ọmọdé ló bọ́ mi. Ruisseaux d'Afrique ní Kùtọnu ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wa ló sì ń ya sínú ẹ̀. Kó lọ wo ìwé wọn.

Ẹ má sì rò pé nǹkan àlejò ni, bàbá. Moustapha Alassane, ará Niger tó wà lókè wa yìí, ti fi ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ààrẹ nínú kàtúùnù láti 1966.

Àǹtí Dẹsẹ́ń (Àjàṣẹ́)
Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń ya pátákó onídìrí ti mọ bí orí ṣe ń rí. Bí àwòrán kan ṣe ń pe èkejì ni kò tíì mọ̀. Kétu lẹ wà, ẹ ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílé, èyí tí UNESCO kéde fáyé ní 2001. Kó ya ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì bá fẹ́ bọ́ sójú agbo, sínú àpótí méjìlá. Òfin tèmi: a ò gbọdọ̀ rí igi orí wọn títí dé àpótí keje.

Àpótí kìíní, ojú agbo látòkè, ilẹ̀ òfìfo. Èkejì, ọwọ́ onílù nìkan. Ẹ̀kẹta, ọmọdé lórí èjìká bàbá ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ibi tí àwa ò rí. Ẹ̀kẹrin, ìyá àgbà kan dìde lórí àga, ó ń tún ìró ró. Ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ méjì, irin tó ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀, eruku. Kó fúnra ẹ̀ wá ìkẹfà. Tó bá máa fi di ìkeje, ẹni tó ń wò ti ń na ọrùn. Ẹni tó bá ti fi igi hàn ní àpótí kìíní, kí ló tún kù tó fẹ́ fi dá wa dúró?

Ohun kan tún wà. Táwọn onílù bá wà lápá òsì, apá òsì ni kí wọ́n wà délẹ̀. Tí kámẹ́rà bá fo agbo kọjá sódì kejì, ẹni tó ń bọ̀ á dà bí ẹni tó ń padà lọ sílé. Kó sì fi mọ sójú agbo o, kó má ya ohun tí wọn kì í fi han gbogbo èèyàn.

Ọmọ Ìdèna
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi yà á, kò jẹun dáadáa. Fọ́tò ẹ̀ rèé, ẹ bá wa wò ó.

Àǹtí Dẹsẹ́ń
Mo ti wò ó. Ọwọ́ onílù yẹn, ó kù díẹ̀ kó dún sí mi létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àpótí 3, 4, 6 àti 8: látorí dé àyà ni gbogbo wọn, wọ́n sì kọjú sí wa gbọnrangandan. Pátákó! Kò jẹ̀bi, iṣẹ́ tó ń ṣe ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kó gbé kámẹ́rà wálẹ̀ síbi tí ojú ọmọdé mọ, kí èjìká àgbàlagbà dí ìdajì àpótí. Kó sì yára, ìṣẹ́jú méjì fún àpótí kan. Ó ya ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá àgbà yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ, mo kà á, 31 ni. Lọ́la olùdarí á ní ká yọ ìyá náà kúrò, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀.

Aláìsùn (Kùtọnu)
Ẹ kìlọ̀ fún un nípa "test" o. Ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ní kí n ya àpótí 60 kí àwọn fi dán mi wò. Òru mẹ́jọ. Iná lọ, mo tan fóònù sí i. Wọn ò dá mi lóhùn. Ó pẹ́ díẹ̀, mo rí ìpolówó ọṣẹ kan, obìnrin inú ẹ̀ ń yíjú padà bí tèmi ṣe yíjú gẹ́lẹ́. Mi ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ wí?

Láti ìgbà náà, àpótí mẹ́fà ni mo ń yà fún ìdánwò. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, owó ni. Ìdajì owó á wọ MoMo mi kí n tó mú pẹ́ńsù, ìwé àdéhùn á sì sọ iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí n tún iṣẹ́ yà (ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi). Tó bá jẹ́ ìwé ọmọdé, kó ka ibi tí wọ́n kọ "cession de droits" (gbígbé ẹ̀tọ́ lórí àwòrán fún wọn) sí dáadáa: ṣé ìwé yẹn nìkan ni wọ́n ra àwòrán fún, àbí àti aṣọ àti ife tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí lára lẹ́yìn ọ̀la? Kó lọ bi àwọn BUBEDRA, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Benin, léèrè bí ẹ̀tọ́ ayàwòrán ṣe rí.

Àlàbá Aláwòrán
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ti ilé ẹ̀kọ́: Africa Design School wà ní Kùtọnu, design ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe kàtúùnù gan-an. Gobelins ti Paris ti ń kọ́ni ní kàtúùnù láti 1975, ṣùgbọ́n 150 000 ò ní gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí níwèé ẹ̀rí rí. Portfolio ni wọ́n ń bèèrè, ìran méjì mẹ́ta tó parí: ọ̀kan tó pani lẹ́rìn-ín, ọ̀kan tí ẹni méjì ti ń takùrọ̀sọ, ọ̀kan tí ẹnì kan ti ń sáré. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn, tó bá tún un yà, ó ti ní ọ̀kan.

Ọmọ Ìdèna
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá wa bá bébà náà lórí tábìlì lánàá. Kò mẹ́nu ba comptabilité. Ó gbé àpótí kẹta súnmọ́ ojú, ó ní bàbá tó gbé ọmọ sí èjìká yìí, ṣé òun ni? Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní kí ló wá dé tí fìlà òun fi wọ́. Ó ń tún fìlà yà lọ́wọ́ báyìí. Kọ̀ǹpútà ló kù tá a máa wá.

Bàbá Òkè
Mo ní laptop kan tí ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ Parakou. Bọ́tìnì "r" àti "e" ti kú, bátìrì náà ti kú, okùn iná ló ń gbé e ró. RAM 8 ni. Tí Krita yín yẹn bá lè bá a lò, kí ọmọ náà wá gbé e. Mi ò gba owó. Kó ya pátákó kan fún ìyàwó mi, kajú ló ń tà.