Owó ìpamọ́ tàbí owó àká?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti béèrè lọ́jọ́ Ajé pé, kí la ó máa pe "reserves" ní Yorùbá, ìyẹn owó tí káńsù ìlú ń tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò pọ̀ mọ́ ètò ìṣúná. Ọ̀pọ̀ fara mọ́ "owó ìpamọ́". Àbúrò wa kan ní "owó ẹ̀bù" ló dùn jù. Mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi.

"Pamọ́" lójú méjì. Ẹni tó fowó pamọ́ lè máa tọ́jú rẹ̀ de ọ̀la, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló gbé e sá fún ojú ayé. Ẹ kà á fún ìyá àgbà kan n'Íbàdàn pé "káńsù ní owó ìpamọ́", ohun tí màmá máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ta ni wọ́n ń fi pamọ́ fún?" Pẹ̀lú ohun tójú wa ti rí lọ́wọ́ olóṣèlú, ọ̀rọ̀ yẹn ti lábàwọ́n.

Ẹ̀bù ńkọ́? Gbígbìn là ń gbin ẹ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ ta. Owó tí à ń wí yìí kì í ṣe owó òwò.

Èmi dá a lábàá pé ká pè é ní "owó àká". Ẹni tó bá dàgbà lóko mọ̀ pé bí ìkórè bá parí, àká là ń kó oúnjẹ sí. Nígbà ọ̀wọ́n, a ó ṣí i, a ó bù ú jẹ, bí ìkórè mìíràn bá dé, a ó tún kún un. Àgbàdo tí wọ́n so mọ́ orí àjà kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́ ńkọ́? Ìyẹn níṣẹ́ tirẹ̀, irúgbìn ni. Ọmọ ì báà sunkún, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ohun tí àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ní owó fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ mọ́: ẹjọ́, àtúnṣe ilé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ni owó àká. Ìkejì, "owó ayàsọ́tọ̀" ti tó o.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lára Birmingham, ìlú ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó káńsù náà gbé ìwé jáde lábẹ́ abala 114 òfin ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1988, ìyẹn ìwé tó ń kéde pé owó tó wà nílẹ̀ kò ká ìnáwó. Lára ohun tó fà á ni owó tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin tí wọn kò san iye tó bá ti ọkùnrin mu fún: wọ́n fojú bù ú sí mílíọ̀nù 650 sí mílíọ̀nù 760 pọ́ùn. Ká wá sọ pé, "Owó àká káńsù kò ká gbèsè náà." Ó yé èèyàn. Ẹ fi "owó ìpamọ́" sí i, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan máa béèrè ibi tí wọ́n kó ìyókù sí.

Òfin mìíràn, ti ọdún 2003, ní kí ọ̀gá ìnáwó sọ fún àwọn káńsẹ́lọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò ìṣúná, bóyá owó àká tó tàbí kò tó. Ẹnì kan fẹ́ sọ "tó" yìí di "ìtótó". Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ orúkọ ni? "Ṣé owó àká tó?" Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ pé Birmingham "ti kógbá wọlé", ẹ má bínú sí mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ń kógbá wọlé. Lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, wọ́n ṣì ń kó ìdọ̀tí níbẹ̀, wọ́n ṣì ń tọ́jú arúgbó; ìnáwó tuntun tí òfin kò fi dandan lé ni ìwé 114 dá dúró. Mo ń pe ìwé náà ní "ìwé ẹ-dáwọ́-ìnáwó-dúró". Ó gùn bí okùn kànga, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, kó mú un wá.