Ṣé kí n gba ìkọ́ṣẹ́ tí kò lówó lórí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ kan sì fẹ́ gbà mí fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta láìsan owó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mìíràn wà tí mo lè fi rí owó ilé-ìwé. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn kìíní: Kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọn yóò gbé lé ọ lọ́wọ́ gan-an. Nígbà tí mo bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́ ni mo ń wò, bí kò ṣe ohun tó lè ṣàlàyé pé òun fi ọwọ́ ara òun ṣe, ibi tó ti ṣòro, àti bó ṣe yanjú rẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe kékeré. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2018, ohun tí ìjọba àpapọ̀ fi ń díwọ̀n ìkọ́ṣẹ́ tí kò lówó lórí ní ilé-iṣẹ́ tó ń pa èrè ni ẹni tó ń jàǹfààní rẹ̀ jù, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ilé-iṣẹ́. Ìwọ náà lè fi ìyẹn wọ̀n ọ́n.

Ìdáhùn kẹta: Béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí o máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí o lè ṣe méjèèjì.