Grav kọ̀, kò ṣí lórí láàpútọ́ọ̀pù mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú ìkànnì kékeré kan wò lórí láàpútọ́ọ̀pù mi kí n tó náwó sí i. RAM 2GB péré ló ní. WordPress (ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì) àti MySQL (ibi tó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí) fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mo wá mú Grav, tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì bákan náà, torí inú fáìlì lásán ló ń kó ọ̀rọ̀ sí.

Mo tú u sínú htdocs, fódà ìkànnì inú XAMPP (àkópọ̀ ètò tó ń jẹ́ kí ìkànnì ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù ẹni). Apache, ètò inú rẹ̀ tó ń gbé ìkànnì jáde, yarí, ó ní nǹkan mìíràn ti gba port 80 (ẹnu ọ̀nà tí ìkànnì sábà máa ń gbà). Mo sọ Listen 80 di Listen 8080 nínú httpd.conf, fáìlì ètò Apache, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ (NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i ṣe!). Síbẹ̀, tí mo bá tẹ localhost/grav, 404 (pé kò rí ojú ewé náà) ni mò ń rí.

Ṣé àdírẹ́sì ni mò ń kọ lódì, àbí àfi kí n lé ẹni tó jókòó sórí port 80 kúrò?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.