Ta ló ti gba owó ìjọba lórí iṣẹ́ ọwọ́ rí, ọ̀gá tàbí ọmọ iṣẹ́?

Ìyá Aláṣọ Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi ti wọ TVET, ètò ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2025, èyí tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦22,500 lóṣù. Iṣẹ́ sólà ló fẹ́ kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba irú owó báyìí rí, kó sọ bó ṣe lọ fún wa.

Wẹ́dà Mókọ́lá: Ètò mìíràn ni tèmi. Wọ́n kó ọmọ mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọn ọmọ á máa gba owó ọkọ̀, èmi á máa gba owó ìkọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ rí álẹ́ẹ̀tì. Èmi ò rí kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ irin la fi ń kọ́ni ní wẹ́dà! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á jó electrode, ọ̀pá tí a fi ń jó irin pọ̀, páálí kan tán lórí irin àlòkù kó tó lè fa ìlà kan tó gún. Owó ta ni? Epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Nígbà tí owó ọkọ̀ àwọn ọmọ fi máa dé, méjì nínú wọn ti lọ ń gun ọ̀kadà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà.

Túndé Rewire: Òótọ́ lẹ sọ, bọ̀dá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n á gbowó ìkọ́ṣẹ́ tán, ọmọ á wá di ẹni tí ń pọnmi fún ìyàwó wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi.

Wẹ́dà Mókọ́lá: Mi ò rán ọmọ ọlọ́mọ lódò rí o.

Bàbá Ìbejì, Peckham: Ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ púlọ́ḿbà níbí. Ìjọba ń fún ọ̀gá tó bá gba ọmọ ọdún 16 sí 18 ní £1,000. Wọn kì í san án lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì á wọlé lẹ́yìn 90 ọjọ́, ìdajì yòókù lẹ́yìn 365 ọjọ́. Bí ọmọ bá ti kúrò, ìyẹn ti bọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìyẹn Lọ́ńdọ̀n nìyẹn!

Akọ̀wé Agbára: Ó wà níbí náà, láti 1971 tí wọ́n ti dá ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí ọjà tó ń tà lọ́dún tó ₦50 mílíọ̀nù, gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF. Tó bá wá kọ́ wọn níṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó lè gba tó ìdajì padà.

Wẹ́dà Mókọ́lá: Àwọn onílé iṣẹ́ ńlá nìyẹn kàn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ jù nílẹ̀ yìí, abẹ́ páànù ló jókòó sí, kò ní akọ̀wé. Òun gan-an ló yẹ kówó kọ́kọ́ kàn.

Túndé Rewire: Mo fara mọ́ ìyẹn.

Ìyá Rónkẹ́ Télọ̀: Irinṣẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń dùn mí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan gba maṣíìnì, kò gbé e délé tó fi tà á. Ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Túndé Rewire: Kí wọ́n kúkú fún wọn lówó.

Ìyá Rónkẹ́ Télọ̀: Owó kẹ̀? Owó á tán lọ́sẹ̀ kan! Maṣíìnì, èèyàn ṣì lè bá a bẹ̀bẹ̀ pé kó má tà á.

Túndé Rewire: Ta ló bẹ ti yín yẹn, màmá?

Ìyá Rónkẹ́ Télọ̀: Èmi! Ó ti pẹ́ jù ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ṣé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ sólà ní TVET yẹn tó ṣá?

Túndé Rewire: Tó bá ti mọ wáyà tẹ́lẹ̀, ó tó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á kàn máa gun òrùlé ni, kò ní mọ ìdí tí bátìrì fi ń kú.

Akọ̀wé Agbára: Màmá Òṣogbo, kó rí i pé orúkọ tó wà lórí NIN àti BVN rẹ̀ bára mu o. Ibẹ̀ lowó ti ń há.

Ìyá Aláṣọ Òṣogbo: Ẹ ṣeun. Ìwó ni wọ́n yàn án sí. ₦22,500 á wá gbé ọkọ̀ Òṣogbo sí Ìwó lójoojúmọ́?

Wẹ́dà Mókọ́lá: Kò lè gbé e. Kó wá ibi tí á máa sùn ní Ìwó.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà ní Ìwó, yàrá rẹ̀ kan ṣófo. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, mà.